Kọ́là Ìdánwò

Kò sẹ́ni tó rántí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́ ládùúgbò. Ìfura ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Télọ̀ ni, opó ọlọ́mọ méjì, ó ti lé ní ogójì ọdún. Bí o bá kí i kú àárọ̀, á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ bóyá ẹnìkan ló rán ọ wá. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti kúrò ní oògùn, ó ti di oúnjẹ.

Nígbà tí wọ́n wó ilé tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn oníbàárà kò sì tẹ̀lé e. Oṣù mẹ́fà kọjá. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì wá kéde pé àwọn ń wá télọ̀ kan ṣoṣo. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, àfi kó ta ẹ̀rọ náà, kó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìyá ọkọ rẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ rí i sójú. Ẹ̀rù ń bà á.

Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe íńtáfíù. Ó ní kó jókòó ṣánṣán, kó máa wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, kó sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìfura ṣe gbogbo rẹ̀ níwájú dígí, àfi ẹ̀rín náà, tó dà bíi ti ẹni tí eyín ń dùn. Wọ́n wá dórí pé kó sọ nípa ara rẹ̀.

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ yín ni."

"Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ mọ èèyàn lásán."

Àbúrò rẹ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ mìíràn pe ogún télọ̀ fún ìdánwò. Oníkálukú rán ṣẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ, pé àwọn yóò pè wọ́n, wọn kò sì pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, Ìfura rí kọ́là tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán lọ́rùn ẹ̀ṣọ́ kan lẹ́nu géètì báǹkì: wọ́n ti ta àwọn ṣẹ́ẹ̀tì ìdánwò náà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àwọn mẹ́fà ló jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ìfura ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan tó wọ aṣọ búlúù ń bá akọ̀wé ṣàwàdà. Ìfura ti gbà pé ìyẹn ni wọ́n ti fún níṣẹ́, pé àwọn yòókù kàn wá kún ìjókòó ni. Síbẹ̀, nígbà tó kàn án, ó dáhùn ìbéèrè wọn dáadáa, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá àwọn télọ̀, obìnrin àgbàlagbà kan tó fi tépù kọ́rùn, kó gbogbo wọn wọ yàrá ẹ̀rọ. Ó ní kí kálukú rán kọ́là kan láàárín ogójì ìṣẹ́jú.

Ìfura ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn, wọ́n tún fẹ́ gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lọ tà. Ó yí ẹ̀rọ rẹ̀ sí ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń fò jìnnà jù, bí télọ̀ ṣe máa ń di aṣọ mú fún ìgbà díẹ̀ kó tó rán an gan-an. Ó rán an tán, ó lọ̀ ọ́ dáadáa. Lójú, kọ́là náà dára ju ti gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò ní rìn dé ìta kó tó tú sí i lọ́rùn. Inú Ìfura dùn ṣìnkìn.

Ọ̀gá mú kọ́là ẹni àkọ́kọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á wò, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó sì fi sísọ́ọ̀sì gé e sí méjì sínú àpò àkísà. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń ta iṣẹ́ ìdánwò, òun kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo àwọn.

Ìfura wo kọ́là ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá gé ìkejì, ó gé ìkẹta. Àyè kò sí mọ́ láti rán òmíràn. Nígbà tó kan tirẹ̀, ọ̀gá fà á lẹ́ẹ̀kan, kọ́là náà sì là sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀ láìlo sísọ́ọ̀sì. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

Ọ̀gá béèrè ta ló kọ́ ọ níṣẹ́. Irọ́ ti wà lẹ́nu Ìfura, pé ẹ̀rọ ni kò dáa, ṣùgbọ́n ó rántí àwọn ọmọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì gbé e mì.

"Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni, mà. Mo rò pé ẹ fẹ́ tà á ni. Wọ́n ti ṣe é fún mi rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láṣọ mìíràn."

Ọ̀gá ju àwọn ègé kọ́là náà sínú àpò. "Kí ni màá fi mọ̀ pé ẹ ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sáṣọ nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tí mo bá ṣẹ̀ yín?"

Láti ọjọ́ tí Ìfura ti ń fura sáyé, ẹnikẹ́ni kò fura sí i rí.

"Ẹ ò lè mọ̀, mà," ló fèsì. "Ẹ máa fà á wò ni."

Ọ̀gá fún un láṣọ, ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì gbé ojú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi rán an tán. Ó fà á, ó tún fà á, kò já. Lọ́jọ́ Ajé, Ìfura bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọdún kan ti kọjá báyìí. Iṣẹ́ àwọn télọ̀ yòókù, inú páálí ló ń lọ tààrà. Ti Ìfura nìkan ni ọ̀gá ń mú, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì fà wò lójú gbogbo wọn. Kò tíì já rí, ó sì ń dun Ìfura wọra lójoojúmọ́.