Ẹ̀gbọ́n Tó Ń Fi Imú Ra Ẹ̀yà Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí a jọ háyà ilé ní Yábà, imú ló fi ń ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mò ń to kọ̀ǹpútà géèmù mi jọ, èmi àti òun la jọ ń lọ sọ́jà. Bí ọlọ́jà bá gbé nǹkan lé e lọ́wọ́, kò ní wo páálí ẹ̀ rárá. Á gbé e sún mọ́ imú, á dijú. Àwọn ọlọ́jà á máa fi í rẹ́rìn-ín, kò kàn án.

"Ojú á tàn ẹ́, àbúrò," ló máa ń sọ fún mi. "Èyí tó bá ti jó rí, wàá gbóòórùn ẹ̀."

Bí èmi náà ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Nígbà tó ku káàdì àwòrán nìkan, èyí tó ń gbé géèmù sójú kọ̀ǹpútà, ó ní kí n má wulẹ̀ lọ sọ́jà mọ́, pé kí n ra tòun. Mo gbé e símú níwájú ẹ̀. Òórùn lọ́fínńdà ló ta sí mi nímú.

"Àárín aṣọ ni mo tọ́jú ẹ̀ sí," ló wí. Ó rẹ́rìn-ín. "O ti mọṣẹ́."

Kò pẹ́ tí káàdì náà fi kú. Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ọ̀yìngbò tú u, inú ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ó ti jó tipẹ́, wọ́n kàn fọ̀ ọ́ ni," ló wí. "Àmọ́ kí ni wọ́n ń fín lọ́fínńdà sí i fún? Ta ló ń gbóòórùn káàdì?"

Èmi ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì mọ̀.