Bàbá Onílé Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Àǹtí Ìdíátù lorúkọ ẹ̀, kò sì sí irú ẹ̀ ní gbogbo Mushin. Mo ti wò yíká, kò sí! Yàrá ẹ̀ kọjú sí tèmi, kọ́ridọ̀ tóóró kan ló wà láàárín wa. Aṣọ òkìrìkà ọmọdé ló ń tà ní Sábó. Ọkọ ẹ̀, Bọ̀dá Àkàngbé, wẹ́dà ni, ó sì ga débi pé bó bá nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀kùn.

Yàrá kan, ọmọ mẹ́ta. Ẹ fi sílíńdà gáàsì kún un, ẹ fi fáànù kún un, ẹ fi ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá ẹ̀ kún un, pẹ̀lú gbogbo òkìrìkà tí kò tíì tà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọlé, ẹ ò ní rí ìkankan nínú wọn. Bẹ́ẹ̀dì, àga kan, tábìlì kan, pẹpẹ kan, ó tán. Ẹ máa rò pé olè ti jà wọ́n ni!

Ike òde ni idán tó ń pa. Gbogbo wa kúkú ń gba ike níbi ìnáwó: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, tíréè, tí wọ́n tẹ fọ́tò onínàáwó sí lára. Àwa yòókù ń tò ó léra títí á fi wó lù wá. Àǹtí Ìdíátù ní tiẹ̀ fún olúkúlùkù níṣẹ́. Gààrí wà nínú Alhaji Fàsásì tó ṣe ọgọ́ta ọdún. Ata gígún wà nínú ìyá kan tí wọ́n sin ní Ìdó, tí kò sẹ́ni tó rántí orúkọ ẹ̀ mọ́.

"Motọ́lání, gbé iyọ̀ wá!"

"Mọ́mì, ibo ló wà?"

"Inú Abigail! Ọkọ ẹ̀ ni ṣúgà, má ṣì í gbé o!"

Ìgbéyàwó Abigail àti Jeremy ti túká tipẹ́. Lórí pẹpẹ Àǹtí Ìdíátù nìkan ni wọ́n ti ṣì ń gbé pọ̀.

Ìgbà tó yá, àwọn tó wà ní yàrá-àti-pálọ̀ ẹ̀yìnkùlé kó lọ sí Sùúrùlérè. Àǹtí Ìdíátù fẹ́ ibẹ̀ bí ẹni fẹ́ mí. Ọlátúndé, àkọ́bí ẹ̀, ti ń hu irùngbọ̀n, ẹ̀yìn kọ́tìnì kan náà lòun àti àwọn àbúrò ẹ̀ obìnrin sì ń sùn. Ọmọ náà ti ń fi ilẹ̀ kọ́ridọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀dì nítorí ìtìjú. Jude tó ń tún fóònù ṣe náà fẹ́ ilé yẹn. Màmá Ọlápàdé, onílé wa, wá ní òun á kọ́kọ́ yẹ yàrá àwọn méjèèjì wò, pé òun ò fún onídọ̀tí nílé.

Inú mi dùn! Ta ló fẹ́ bá Àǹtí Ìdíátù du ìmọ́tótó? Ìgbà yẹn ni mo rántí Bàbá Ọlápàdé.

Nígbà tí ọkọ onílé wa kú, bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá ọlọ́mọrí ni wọ́n pín níbi ìnáwó ẹ̀, tòun ti ojú ẹ̀ lára, fìlà gọ̀gọ̀rọ̀, awò ojú, ẹ̀rín rẹpẹtẹ. Bàtà ni Àǹtí Ìdíátù ń kó sínú ẹ̀. Gbogbo bàtà ilé, títí kan bàtà iṣẹ́ Bọ̀dá Àkàngbé, èyí tí òórùn ẹ̀ lè jí bàbá náà dìde.

"Àǹtí, ẹ gbé Bàbá kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì o!"

"Kí n gbé e lọ síbo? Ṣé o rí àyè ni?"

"Ẹ jẹ́ n gbé e sí yàrá mi."

"Yàrá tìẹ? Ìwọ tí o ti ń wá ìbọ̀sẹ̀ kan látọdún Iléyá?"

Ó ti bàbá onílé wọnú lọ pátápátá, ó sì fa bẹ́ẹ̀ṣíìtì bò ó.

Màmá Ọlápàdé dé, ó jókòó lórí àga, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ìyá Ọlátúndé, ó mọ́ o. Ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ ṣé, mà."

"Ó wá mọ́ báyìí, àyè tún ṣẹ́kù, kí lẹ tún fẹ́ fi pálọ̀ ṣe? Mo ń ti yàrá Jude bọ̀. Àyè há mọ́ ọmọ yẹn, kò rí ibi tẹ ẹsẹ̀ sí! Òun ni màá fún."

Háà! Bọ̀dá Àkàngbé yíjú sí ìyàwó ẹ̀. "Ṣó o rí i? Ìmọ́tótó ẹ ti pa wá."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde," ni Àǹtí Ìdíátù wí.

Ló bá gbé fóòmù sókè. Aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ tẹ́ pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹ̀ bíi pé wọ́n lọ̀ ọ́. Ó tú ìrọ̀rí, òkìrìkà dà jáde. Ó ká aṣọ orí tábìlì, àṣé ẹ̀rọ ìránṣọ ni tábìlì! Ó gbé sílíńdà jáde, ó gbé fáànù jáde, ó gbé Alhaji Fàsásì sórí Abigail. Ẹrù kún yàrá, ó yọ sí kọ́ridọ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà mi. Màmá Ọlápàdé ká ẹsẹ̀ sórí àga. Bọ̀dá Àkàngbé há sí kọ̀rọ̀ bí òpó iná.

"Ó kù, mà! Ó ṣì kù!" Orí Àǹtí Ìdíátù ti gbóná, kò rántí ẹni tó wà níbẹ̀ mọ́, ó na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fà á gbùù.

Bàbá Ọlápàdé ló jáde, tẹ̀ríntẹ̀rín, eruku bo awò ojú ẹ̀. Ọmọrí ṣí. Bàtà wẹ́dà yí gbirigbiri dé iwájú àga.

Màmá Ọlápàdé na ìka sí i.

"Ta ni mò ń wò yìí?"

"Bàbá ni, mà."

"Kí ni wọ́n ń ṣe lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?"

"Wọ́n... wọ́n ń bá wa tọ́jú bàtà ni, mà."

Màmá Ọlápàdé fa bọ́kẹ́ẹ̀tì náà mọ́ra, ó fi etí ìró ẹ̀ nu awò ojú ọkọ ẹ̀. Èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni!

"Gbogbo ọdún tí mo fi bá ọkùnrin yìí gbé, àárín pálọ̀ ló ń bọ́ bàtà sí! Mo ti fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ lóru àìmọye ìgbà. Àṣé ó dìgbà tó bá kú kó tó mọ ibi tí bàtà ń gbé!"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó sì tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró, ó jù ú sórí òkìrìkà.

"Ẹ máa kó lọ sẹ́yìn. Ọmọkùnrin yẹn ti dàgbà jù fún kọ́ridọ̀."

Ó ń fo ẹrù lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ṣùgbọ́n ẹ má tún gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́ o. Eruku máa ń mú un sín."