Nígbà Tí A Jókòó sí Bèbè Odò Ayóró

Ọdún kejì tí àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọyẹ́ ti lọ tí òjò kò sì tí ì dé. Mo ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi fẹ̀hónú hàn ṣáájú ìgbà náà. Mo ti sá fún èéfín tajútajú, mo sì ti pariwo lẹ́nu géètì yunifásítì títí ohùn mi fi há. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ bá bi mí léèrè ibi tí mo ti kọ́ ìjà, abà Aláyìn ni n ó dárúkọ, lọ́nà Àgọ́-Àrẹ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti pariwo rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì ni mí nígbà náà. Ohun tí mo ń ṣèwádìí lé lórí ni bí a ṣe lè dá igi padà sí bèbè odò tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ tán. Odò Ayóró ni mo yàn. Kì í ṣe odò ńlá. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gùn lè fò ó kọjá lóṣù Èrèlé. Àmọ́ òun nìkan ni abà mẹ́rin ń mu lẹ́ẹ̀rùn. Wọ́n ti gé àwọn igi etí rẹ̀ láti fi dáná tí wọ́n fi ń gbẹ ewé tábà, àgbàrá sì ń wọ́ bèbè rẹ̀ lọ lọ́dọọdún, iyanrìn ń dí i. Mo gbin àpàdò, ọ̀gànwó àti ẹ̀gbèsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, mo fi koríko èèsún sáàárín wọn, mo sì ń wọn omi odò náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Sàláwù ni mo wọ̀ sí, opó kan tó ń gbin iṣu àti àgbàdo, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ló kọ́kọ́ gbà mí láyè lórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ rí mi sójú ni Bàbá Lámídì, tó ń gbin ata àti ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀ rẹ̀ létí odò. Baálẹ̀ ní kó yọ̀ǹda díẹ̀ fún mi, ó sì yọ̀ǹda. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni mo débẹ̀, mo bá gbogbo ọmọ igi tí mo gbìn síbẹ̀ ní fífàtu, wọ́n dì wọ́n bí ìdì igi ìdáná.

Mo ní, "Bàbá, ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni. Ṣé igi ni n ó máa sè fáwọn ọmọ mi jẹ? Tó bá jẹ́ ìwé lo wá kà, lọ kà á lórí ilẹ̀ baba tìrẹ."

Mo sunkún délé. Ìyá Sàláwù kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó kàn ní, "Sìdí, fi í sílẹ̀. Òjò á bá a sọ̀rọ̀."

Òjò bá a sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Nígbà tí àgbàrá ọdún kejì iṣẹ́ mi dé, ó gbé èyí tó pọ̀ jù nínú àkùrọ̀ Bàbá Lámídì lọ. Ilẹ̀ Ìyá Sàláwù, tí èèsún àti àwọn igi kéékèèké ti dì mú, kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Bàbá náà kò tọrọ àforíjì. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, ó wá bá mi, ó ń wo ibòmíràn, ó ní, "Èwo nínú wọn ló máa ń tètè dàgbà?" Mo fún un ní ẹ̀gbèsì.

Kò pẹ́ sí i ni a gbọ́ pé ìjọba fẹ́ dá oko ńlá sílẹ̀. Àwọn awọnlẹ̀ wá, wọ́n kan èèkàn mọ́lẹ̀ títí dé ẹnu omi. Ní ọjọ́ Ajé kan, katapílà dé. Apá òkè odò ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń wó igi, ó ń ti igi àti iyẹ̀pẹ̀ sínú odò, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ kẹta, omi tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ti pọ́n bí amọ̀. Àwọn obìnrin ń gbé korobá òfìfo padà sílé.

Ìyá Sàláwù ká ẹní rẹ̀. Ó ní, "A ó lọ jókòó síbẹ̀."

"Ìyá, kí la máa sọ fún wọn?"

"Ta ló ní a máa sọ nǹkan? A máa jókòó ni."

Àwọn obìnrin abà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó sí bèbè odò, láàárín àwọn igi mi. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n ń fọ́mọ lọ́mú. Nígbà tí katapílà dé iwájú wa, awakọ̀ náà pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, wọ́n rán mi níṣẹ́ ni o."

"A mọ̀," ni Ìyá Sàláwù wí. "Wá síbi ibòji, oòrùn mú."

Ó sì wá jókòó.

Lọ́jọ́ kejì ni akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ dé, pẹ̀lú ọlọ́pàá méjì. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀.

"A mọ̀ pé ìwọ lò ń ru wọ́n sókè. Gbọ́, a ò ní fọwọ́ kan ibi tí o gbin igi rẹ sí. Wàá parí ìwé rẹ, wàá gboyè rẹ. Ṣáà sọ fún wọn kí wọ́n máa lọ sílé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tẹ́ṣàn lo máa bá wa lọ."

N kò ní purọ́ fún yín: ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ọdún méjì ni mo ti fi wọn omi. Ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò, sà."

Mo padà sọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Ìyá Sàláwù bi mí pé, "Kí ló wí?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Kí lo wá dá a lóhùn?"

"Mo ní n ó rò ó wò."

Ó sún díẹ̀ lórí ẹní. "Jókòó rò ó. Àyè wà."

Mo jókòó. Èmi náà kò sì dìde mọ́.

Akọ̀wé bínú. Ó ní igbó lásán ni a ń tìtorí rẹ̀ dí ìjọba lọ́wọ́. Ibẹ̀ ló ti tajú kán rí Bàbá Lámídì, tó dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ̀wé sí wa pé igi ọmọbìnrin yìí ń gba ilẹ̀ yín?"

N kò mọ̀ rí pé bàbá náà kọ̀wé. Mo yíjú wò ó.

"Èmi ni," ni Bàbá Lámídì dáhùn. "Mo kọ̀wé, mo sì fi ọwọ́ mi yìí fa igi rẹ̀ tu. Ẹ tẹ̀ lé mi, kí n fi oko mi hàn yín."

Gbogbo wa tẹ̀ lé e dé etí kòtò ńlá kan. Ó nawọ́ sínú rẹ̀. "Ibí ni mo ti ń gbin ata. Ẹ bá mi wá ilẹ̀ náà, Akọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ kàwé."

Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Akọ̀wé wo kòtò náà pẹ́, lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi. "Wọ́n ní o ń kọ bí omi ṣe ń rí sílẹ̀. Mú ìwé ọ̀hún wá." Mo kà á fún un lórí ìdúró: iye omi ọdún kìíní, iye omi ọdún kejì, àti bó ṣe já wálẹ̀ láti ọjọ́ tí katapílà dé. Ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin la tún fi jókòó kí àwọn awọnlẹ̀ tó padà wá. Wọ́n ní Akọ̀wé ló rán àwọn, wọ́n fa àwọn èèkàn náà yọ, wọ́n sún wọn sẹ́yìn ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sí odò, lápá méjèèjì. Katapílà yí padà. Ẹnikẹ́ni kò hó. Ìyá Sàláwù ní "Alihamudulilai," ó nà gbalaja sórí ẹní lọ́sàn-án gangan, ó sì sùn lọ, ó ń hanrun. Èmi ní tèmi, ebi ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Mo jẹ iṣu sísun bí ẹni tó gbààwẹ̀ oṣù kan. Ara mi fúyẹ́ lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí mo gboyè lọ.

Kí la jèrè? Odò Ayóró ṣì ń ṣàn lẹ́ẹ̀rùn. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo sì dúró sábẹ́ ọ̀gànwó tí apá mi kò ká mọ́. Kí la pàdánù? Àwọn igi apá òkè odò tí wọ́n wó kò padà mọ́, iyẹ̀pẹ̀ tí katapílà tì sódò ba ìwọ̀n omi mi jẹ́, oyè mi sì fi ọdún kan pẹ́ kí n tó gbà á. Ohun tí ìjọba ṣì jẹ wá ni ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló dáàbò bo ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ náà títí dòní. Akọ̀wé tuntun kan lè jí lọ́la kó ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Iṣẹ́ tiyín nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Èmi náà sì jẹ gbèsè tèmi. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ìwé oyè náà. Mo dúpẹ́ níbẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá mi tẹ̀ ẹ́, mo sì kọ "àwọn ará abúlé" sí ìlà kan ṣoṣo nísàlẹ̀. Ìtìjú ìlà yẹn kò tí ì kúrò lára mi. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe yẹ kí n ti kọ ọ́ nígbà náà: Ìyá Sàláwù, Ìyá Rísì, Ìyá Múrí, Ìyá Alágbàdo, Àdùkẹ́ aya Gàníyù, àwọn tó jókòó sí bèbè odò, àti Bàbá Lámídì, tó ní ìgboyà láti sọ níwájú gbogbo ayé pé òun ṣìṣe.