Ẹni Tó Ń Gbé Nínú Fáànù Mọ́tò Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nínú mọ́tò ara mi fún yín. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé irọ́ ni, kó wá sí Carrollton níbí, kó wá bi ìyàwó mi. Gbogbo yín sì mọ̀ pé obìnrin yẹn kì í gbè mí lẹ́yìn lásán.

Mo ní mọ́tò kékeré kan tó ti dàgbà díẹ̀. Ọmọ mi Wàsíù, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ọsibítù, ló fún mi nígbà tó ra tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Dallas mọ̀ pé ẹni tí kò bá ní mọ́tò níbí kò ní ẹsẹ̀. Mọ́tò yìí ló ń gbé mi lọ sí mọ́ṣáláṣí. Òun ló ń gbé mi lọ sí DeSoto lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi tí a jọ máa ń ta ayò. Láìsí i, kí ni n ó máa ṣe? Kí n máa wo ògiri, kí ògiri máa wo èmi náà?

Àfi bí òtútù ṣe dé. Mo tan híítà láàárọ̀ ọjọ́ kan, fáànù bá figbe ta! Gbàrà-gbàrà-gbàrà, ṣíììn! Ariwo yẹn pọ̀ débi pé tí mo bá wà lórí fíríwéè, àwọn tó wà níwájú á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á rò pé áńbúláǹsì ló ń bọ̀. Gbogbo ajá àdúgbò ló ń dá a lóhùn. Ọlọ́pàá kan tiẹ̀ dá mi dúró, ojú ọ̀run ló kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú mi. Hẹlikọ́pítà ló ń wá! Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Wàsíù náà gbọ́ ọ. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kò yẹ kí òun náwó sórí mọ́tò tó ti gbó, pé ẹnì kan níbi iṣẹ́ òun fẹ́ rà á, yóò sì wá gbé e ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ó ní òun á máa fi mọ́tò òun gbé mi lọ síbikíbi tó bá wù mí.

Ẹ gbọ́ ná! Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, tó tún ń ṣe ti òru, ìgbà wo ló fẹ́ gbé mi? Lójú àlá?

Mo ní kó fún mi di ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn. Bí ariwo bá ṣì wà, kó tà á. Bí kò bá sí mọ́, kó fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Okay, Dáàdì. Deal. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ ṣe ara yín léṣe o."

Ìyá Wàsíù ní ibo ni mo ti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Mo rán an létí bí jíà lọ́rìí mi ṣe bàjẹ́ láyé àtijọ́, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ló ń lọ, tí mo sì fi ẹ̀yìn wà á láti Kano dé Ìbàdàn, ẹrù kan ò já bọ́. Ó ní òun rántí dáadáa. Ó ní nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, Ìlọrin ni mo ti gbéra, pé ọ̀nà yẹn kàn ń gùn sí i lọ́dọọdún ni.

Sátidé dé, Wàsíù lọ síbi iṣẹ́. Mo gbé mọ́tò wọ inú gáréèjì nítorí yìnyín ti bo koríko níta. Mo wo fídíò lórí fóònù. Ọmọkùnrin òyìnbó kan ló ń ṣàlàyé. Ó ní fáànù híítà wà lábẹ́ pijin-hóòlù tí a ń kó nǹkan wẹ́wẹ́ sí, níbi ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Kí a yọ pijin-hóòlù, kí a fa wáyà yọ, kí a tú ìdè rẹ̀, fáànù á sì sọ̀ kalẹ̀. Kí n tó mí kanlẹ̀, ọmọ yẹn ti ṣe tán. Ó gbàgbé pé ẹ̀yìn tèmi ti ju àádọ́rin ọdún lọ!

Mo dùbúlẹ̀, mo dojú sókè, orí mi wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ mi yọ síta. Ìyá Wàsíù gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ń tan iná fóònù fún mi, ó sì ń fi ẹnu ṣe ọ̀gá. Ẹ rọra. Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn. Ẹ má fà á bí ẹni ń fa iṣu.

Bí mo ṣe yọ pijin-hóòlù báyìí, ohun tí mo tọ́jú sẹ́yìn rẹ̀ bá já lé mi lójú. Nǹkan kékeré kan ni o. Gàrí díẹ̀ àti ẹ̀pà nínú nylon. Dókítà ní ṣúgà mi ga, Ìyá Wàsíù sì ti fòfin de gàrí nílé, ṣùgbọ́n òfin ilé, ṣé ó dé inú mọ́tò ni? Mo yára kì í sábẹ́ ara mi. Mo rí i pé nǹkan kan ti jẹ ìdí nylon yẹn, àmọ́ n kò rí ti ìyẹn rò nígbà yẹn.

Mo tú fáànù, ó sọ̀ kalẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ẹ ò rí nǹkan! Ó rí bí agbọ̀n kékeré, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Inú rẹ̀ kún fún èèpo ẹ̀pà, pẹ̀lú èso pékáànù kan ṣoṣo tó ń yí gbirigbiri, irú èyí tó ń jábọ́ láti ara igi ẹ̀yìnkùlé wa. Èso kan ṣoṣo ló ń mi odindi mọ́tò!

Ìyá Wàsíù ní, "Ẹ̀pà? Ta ló gbé ẹ̀pà débẹ̀ yẹn?"

Kí n tó ronú kan irọ́ tó dára, nǹkan kan fò bọ́ láti inú ihò tí fáànù ti jáde. Ó balẹ̀ sí mi níwájú orí, ó gba orí imú mi, ó gba àyà mi kọjá, ó bọ́ sílẹ̀. Èkúté! Ìyá Wàsíù pariwo, ó gun orí àga lọ pẹ̀lú orúnkún tó ní ó ń dun òun láti ọjọ́ yìí.

Mo ní, "Ìwọ náà rí i báyìí! Èkúté ló kó ẹ̀pà débẹ̀."

Ó wò mí láti orí àga. "Ṣé òun náà ló kó gàrí sí irùngbọ̀n yín? Bàbá Wàsíù, èkúté Texas ló lọ ra gàrí Ìjẹ̀bú?"

Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Mo tojú bọ ihò, mo ní kó tan iná wá.

Ìtẹ́ ni mo rí. Ó rí roboto bí igbá tí ọlọ́nà fín. Ó fi òwú tó fà láti ara asẹ́ afẹ́fẹ́ mọ ògiri rẹ̀, ó fi tíṣù tẹ́ inú rẹ̀. Ó fi òwú aláwọ̀ ewé dè é yíká, mo sì dá òwú náà mọ̀, ara súwẹ́tà mi tó máa ń wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn ló ti wá. Àwọn ọmọ sì wà nínú rẹ̀. Wọn ò ju èékánná mi lọ. Ojú wọn kò tíì là. Mo ń rí ọkàn wọn bó ṣe ń lù lábẹ́ awọ.

Mo ti rí ẹja tó gun igi rí. Mo ti rí ọkùnrin tó sùn lórí kẹ̀kẹ́ tí kẹ̀kẹ́ sì gbé e délé. Ṣùgbọ́n èyí jù wọ́n lọ, n kò sì fi iyọ̀ kankan sí i.

Ẹ rò ó wò! Gbogbo ibi tí mo ń lọ, iwájú mi ni àwọn ọmọ yìí wà. A jọ lọ sí DeSoto, a jọ bọ̀. Bàbá bàbá mi kò rìn tó bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú! Mo rò pé èmi nìkan ni mò ń jẹ ìgbádùn híítà, n kò mọ̀ pé mò ń bá ìyá kan tọ́mọ.

Ìyá Wàsíù ti lọ gbé ìgbálẹ̀. Ó ní kí n yà fún òun. Kí ni n ó ṣe? Bí mo bá fi wọ́n síbẹ̀, èèpo á tún máa já sínú fáànù, ariwo á padà, mọ́tò mi á lọ nírọ̀lẹ́. Bí mo bá kó wọn síta, yìnyín á pa wọ́n. Mo rọra gbé ìtẹ́ náà sínú páálí bàtà, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi gbígbóná nínú gáréèjì. Ìyá Wàsíù dúró tì í tòun ti ìgbálẹ̀. Ó ní ìyá wọn á padà wá, òun á sì parí ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀. Ó ní ilé ọmọ òun ni, kì í ṣe ilé èkúté.

Mo gbọn fáànù mọ́, mo nù ún, mo dè é padà. Mo ń di pijin-hóòlù lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn Ìyá Wàsíù jẹ́jẹ́. "Bàbá Wàsíù, ẹ wá."

Èkúté yẹn ti dé. Ohun tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ, ó dúró síwájú Ìyá Wàsíù tí èmi fúnra mi ń bẹ̀rù! Ó rí ìgbálẹ̀ lókè. Kò sá. Ó gun páálí, ó fi ẹnu gbé ọmọ kan, ó gbé e lọ sẹ́yìn táǹkì. Ó padà. Ìgbálẹ̀ ṣì wà lókè. Ó tún gbé òmíràn. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, mo rí i tí apá ìyàwó mi ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó ku ọmọ kan, ó ti rẹ ìyá yẹn. Ó fò, kò dé etí páálí. Ó tún fò, ó já bọ́, ó dùbúlẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá Wàsíù na ìgbálẹ̀. Mo dijú! Nígbà tí mo là á, mo rí i pé ìdí ìgbálẹ̀ ló fi yí páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ọ̀nà lè là fún un.

"Abiyamọ ni," ló sọ.

Wàsíù dé nírọ̀lẹ́, ó wọ mọ́tò, ó tan híítà, ó yí i dé òpin. Kẹ́kẹ́ pa. Ó mirí. Ó ní, "Dáàdì, ẹ ti pa á. It's dead."

Mo ní kó gbé ọwọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ó gbé e síbẹ̀. Ooru bá gba inú apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ sókè fùùù! Ó yọwọ́, ó tún gbé e padà, ó tẹ́tí sí i bí ẹni ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ó pe ẹni tó fẹ́ rà á, ó ní kó má wulẹ̀ wá mọ́. Ó bi mí bí mo ṣe ṣe é. Mo ti lanu tán láti ròyìn, ìyá rẹ̀ gbà á lẹ́nu mi, ó ní, "Bàbá rẹ mọ iṣẹ́, ṣé ìwọ ò mọ̀ ni?" Kò mẹ́nu kan èkúté. Kò mẹ́nu kan ohun tó wà nínú irùngbọ̀n mi.

Mo wa mọ́tò náà lọ sí DeSoto lọ́jọ́ kejì. Ó dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ èémí ara mi. Ṣé kí n sọ òtítọ́ fún yín? Ibẹ̀ dá wẹ́ẹ́. Àárò wọn sọ mí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: ẹ má jẹ ẹ̀pà nínú mọ́tò. Bí ẹ bá sì máa jẹ ẹ́, ẹ yẹ abẹ́ pijin-hóòlù wò kí òtútù tó dé. Bí nǹkan bá sì ń pariwo nílé yín, ẹ má kánjú tà á, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń gbé inú rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti bá pàdé nínú mọ́tò yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí, ẹ má tijú. Èmi á gba gbogbo rẹ̀ gbọ́, bí ẹ̀yin náà bá ṣáà ti gba tèmi.