Ìkíni Nídìí Ayùn Irin

Láti ìgbà tí ọmọbìnrin mi ti ń gé irin ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Adó, mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Bí mo bá wà nílé wa ní Ìyìn tí fóònù dún, ọwọ́ rẹ̀ ni ọkàn mi máa ń kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó yá, mo ń wá ìdí tí yóò gbé mi dé Adó. Mo lè ní gààrí ni mo fẹ́ rà l'Ọ́jà Ọba, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù náà ni mo máa ń já sí.

Ẹ̀rọ tó ń lò ga jù ú lọ. Ayùn rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí káfíńtà ń fà síwá sẹ́yìn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, wọ́n so orí mọ́ ìdí rẹ̀ bí ìgbànú, ó sì ń sáré yí lórí àgbá kẹ̀kẹ́ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹni tó ń gé irin yóò máa fi ọwọ́ rọra ti irin náà sí i lẹ́nu. Mo ra ìbọ̀wọ́ aláwọ fún un. Ó dá a padà.

"Bàámi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n bí eyín ayùn bá gbá ìbọ̀wọ́ mú, á fa ọwọ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ lásán la fi ń ṣe é."

Ó fi igi pẹlẹbẹ kan hàn mí, tó fi ń ti irin bó bá kù díẹ̀ kó gé tán, kí ìka má baà súnmọ́ ayùn. Ó fi ìbòrí ayùn hàn mí, bó ṣe ń sọ̀ ọ́ wálẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ohun tó fẹ́ gé. Mo ní kó tún gbogbo rẹ̀ ṣàlàyé. Ọ̀gá rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ ni?"

Ọ̀gá náà fi òfin kan kún un: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kí ẹni tó wà nídìí ayùn, òun náà ò sì gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóhùn, àfi bí ayùn bá ti dúró.

Òfin yẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí pé kí eékún rẹ̀ ti kanlẹ̀ kó tó gbọ́ ohùn àgbà tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá jáde. Mo wà lórí bẹ́ǹṣì, mò ń dìde, mò ń jókòó. Bàbá arúgbó kan láti Igbemo wọlé. Wọ́n ń bá a ṣe ẹsẹ̀ irin tí yóò gbé ẹ̀rọ ìrẹsì rẹ̀ kà.

"Ẹ kú uṣẹ́ o."

Ayùn ń ké. Ọmọ mi ò bojú wẹ̀yìn.

"Mo ní ẹ kú uṣẹ́. Àbí adití ni ìyàwó mi yìí? Ta ló bí ọmọ tí kì í kí èèyàn?"

Mo rí eékún rẹ̀ tó fẹ́ tẹ̀. Díẹ̀ báyìí ni, ṣùgbọ́n mo rí i, èjìká rẹ̀ sì bá a yí. Irin ò tíì gé tán. Bí mo bá pariwo, á bojú wẹ̀yìn. Bí bàbá bá tún sọ̀rọ̀, á bojú wẹ̀yìn. Mi ò mọ ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá náà, nínú èérún irin, láìsọ nǹkan kan.

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

"Dìde, dìde. Kí lo ṣe?"

"Èmi ni mo bí i, bàbá," mo rọra wí. "Mò ń bá a kí yín ni."

Ohùn ayùn lọ sílẹ̀, ó dákẹ́. Ọmọ mi ṣì dúró, ó wo ayùn títí kò fi mira mọ́, ó yọ awò ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán sà. Ẹ má bínú, ayùn ni ò jẹ́ n kí yín."

"Hẹn-ẹ́n. Bàbá rẹ ti kí mi kíkí tí yóò tó mi di àmọ́dún," ni bàbá náà wí, ó sì wá ibi jókòó sí.

Ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní àtẹ́lẹwọ́ mi níbi tí èérún irin ti gún un. Ọmọ mi fà mí lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó ń fi èékánná yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìka rẹ̀ ni mo ń wò.

"Bàámi, ẹ dúró jẹ́ẹ́," ó ní.

Mo gbìyànjú.