Igi Tí Wọ́n Fi Dí Ọ̀nà Abà Ẹlẹ́tù

Ìgbà ìjọba ṣọ́jà ni, nígbà tí ọjà wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gé ọṣẹ tà wẹ́wẹ́ bí ẹran, tí ọkùnrin tó bá ra odidi ọṣẹ a mú un lọ́wọ́ gba àárín ìgboro kọjá kí àwọn èèyàn lè rí i. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ṣe ẹgbẹ́ lónìí, ẹ ní kí n sọ bí a ṣe jà láyé ìjọ́sí. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, nítorí náà ẹ má wá gírámà lọ́dọ̀ mi. Ọ̀pọ̀ nínú ìjà tí mo jà ni mo lè fi pa yín lẹ́rìn-ín. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, mo rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ náà, nítorí bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn, ṣùgbọ́n eyín lásán ni mo fi rín in.

Iyọ̀ àti ṣúgà ni mò ń tà ní Ọ̀yọ́. Ìyá Oníyọ̀ ni gbogbo ọjà ń pè mí. Àbúrò mi obìnrin, Dèbórà, fẹ́ àgbẹ̀ kan ní Abà Ẹlẹ́tù, lápá Ìrẹsà, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Abà Ọlọ́sàn ni aládùúgbò wọn. Abà méjèèjì jọ ń fẹ́ ara wọn lọ́mọ, wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan náà, wọ́n jọ ń sin òkú. Lọ́dún tí mò ń wí yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé àwọn ní ààlà. Wọ́n ṣá ara wọn ládàá, wọ́n sun aká iṣu ara wọn. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ Ọlọ́sàn gé igi ńlá kan dábùú ọ̀nà kan ṣoṣo tó wọ Ẹlẹ́tù. Wọ́n ní ohunkóhun kò gbọdọ̀ wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ jáde. Àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n ní kí wọ́n wá pẹ̀tù sí ìjà náà jókòó sábẹ́ ibòji lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ní àṣẹ òkè ni.

Kànga tí Ẹlẹ́tù ń pọn wà lódì kejì igi náà. Ni wọ́n bá ń mu omi àkùrọ̀, ni onígbáméjì bá dé. Ọdẹ kan tó mọ ọ̀nà inú igbó ló wá jíṣẹ́ nọ́ọ̀sì wọn fún wa. Ó ní nínú ilé ìgboògùn kékeré tó wà níbẹ̀, omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára ti tán, oògùn ti tán, iyọ̀ ọbẹ̀ pàápàá ti tán. Ẹni tí wọn ì bá gbé dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibi igi yẹn ni wọ́n ti ń dá a padà kó lọ kú sílé. Ọdẹ náà wá sọ fún mi pé ọmọ Dèbórà méjèèjì, Dàpọ̀ àti Àbẹ̀ní, ti dùbúlẹ̀.

Àlàájà Sàfú ni olórí ẹgbẹ́ àwa obìnrin ọlọ́jà. Ó pe ìpàdé, a sì kó nǹkan jọ: omi fífà, oògùn, iyọ̀, ṣúgà, ọṣẹ. A wọ lọ́rì. Nígbà tí a dé ibi igi náà, ẹni tó wá pàdé wa ni Gbádé, olórí àwọn ọ̀dọ́ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹlẹ́tù ló ti fẹ́yàwó. Èmi wà níbi ìgbéyàwó náà, mo rí bó ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ìyàwó.

Ó ní, "Màmá, kí lẹ dì?"

"Iyọ̀ ni. Ṣé ìwọ kì í jẹ ẹ́ ni?"

"Mò ń jẹ ẹ́. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún ni kò ní í jẹ ẹ́."

"Ìyá ìyàwó rẹ wà lọ́hùn-ún."

"Ọ̀tá ni wọ́n báyìí, Màmá, títí ìjà yóò fi parí."

Mo ní, "Ó dáa. Nígbà tó bá parí, sọ fún mi, ṣé ẹ kú ewu ni wàá lọ kí wọn, àbí ẹ kú ará fẹ́ra kù?"

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun kò rín. Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ohunkóhun tó bá wọlé, àwọn tó ń jà ni yóò lò ó. Mo bi í pé ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, tí kò lè gbé orí sókè, àdá wo ló fẹ́ gbé. Ó ní kí a yí lọ́rì padà. A kó ẹrù wa padà.

Àwọn kan ṣoṣo tí igi náà ń yà fún ni àwọn ìyá aláṣọ funfun tó ń gbé omi àdúrà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ẹlẹ́tù. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn lè fi ebi pa àna wọn, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ tú igò omi àdúrà wò. Ẹ̀rù Ọlọ́run ń bà wọ́n, ibi tí kò ti yẹ ló kàn ti ń bà wọ́n. Ibẹ̀ ni Àlàájà ti rí ọgbọ́n. Gbogbo wa ló mọ omi iyọ̀ àti ṣúgà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ pé kí wọ́n máa fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru mu. A pò ó sínú igò bíà, Wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà gbàdúrà sí i, a sì gbé e fún Ìyá Àdúrà, arúgbó kan tí kò purọ́ rí láyé rẹ̀. Nítorí pé kò lè purọ́ la kò ṣe sọ ohun tó wà nínú igò fún un. Ọdẹ ni a ní kó sáré gba inú igbó lọ sọ fún nọ́ọ̀sì.

Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Wọ́n mú ọdẹ náà lọ́nà, wọ́n lù ú bí aṣọ òfì. Ìyá Àdúrà kọjá ní tirẹ̀. Gbádé tilẹ̀ bá a gbé ẹrù sórí. Nígbà tó dé ọ̀hún, wọ́n ṣe ohun tí ẹni tí ogun ká mọ́ ń fi omi àdúrà ṣe. Wọ́n wọ́n ọn sí igun abà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n wọ́n ọn sí àtẹ́rígbà, wọ́n fi wẹ orí àwọn aláìsàn. Dèbórà fi igò kan wẹ Àbẹ̀ní láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń kọrin ọpẹ́.

Eèrà ló sọ òtítọ́ fún wọn. Ní ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì rí eèrà tó tò gbọọrọ lára àtẹ́rígbà, ó tún rí wọn nínú irun àwọn ọmọ. Ó fi ìka kan ògiri, ó tọ́ ọ lá. Wọ́n ní bó ṣe ń sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló ń pariwo pé kí wọ́n má da omi náà nù mọ́. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ni wọ́n pín. Dàpọ̀ rí mu. Àbẹ̀ní kò lè gbé nǹkan mì mọ́ nígbà tí ó kàn án.

Nígbà tí Ìyá Àdúrà mú ìròyìn yẹn dé ọ̀dọ̀ wa, Àlàájà kò pe ìpàdé. Ó kàn dìde. Obìnrin Ọ̀yọ́, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́, mùsùlùmí, aláṣọ funfun, a jọ lọ jókòó sójú ọ̀nà níwájú igi náà nínú oòrùn. Sájẹ́ǹtì ní òun yóò kó wa. Àlàájà bi í pé ọkọ̀ mélòó ló ní. Ìyàwó Gbádé gbé ọmọ pọ̀n, ó jáde láti Ọlọ́sàn, ó jókòó tì wá. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ìyá mi ló wà lẹ́yìn igi yìí. N kò ní í dáná fún ẹ mọ́ títí tí wàá fi gbé e kúrò." Àwọn ìyàwó yòókù ń yọ́ jáde tẹ̀ lé e. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn jagunjagun wa ń mu gààrí láàárọ̀, wọ́n ń mu ún lálẹ́. Àwọn tó febi pa odidi abà kò lè fara da àìjẹ ọbẹ̀ ọjọ́ méjì. Wọ́n gbé igi náà.

A kó ẹrù wọlé. Nọ́ọ̀sì kò kí wa. Ó gba omi fífà lọ́wọ́ wa, ó sáré gbé e tọ àwọn aláìsàn lọ. Ọ̀pọ̀ ló yè, ohun tí a jẹ nínú ìjà náà nìyẹn, n kò ní í fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sin Àbẹ̀ní. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n dí ọ̀nà mọ́ aláìsàn, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má kọ́kọ́ lọ máa gbọ́n. Ẹ lọ jókòó sójú ọ̀nà náà lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí ìjà rọlẹ̀, ìjọba rán ọ̀gá kan wá. Ó pe abà méjèèjì jọ, ó ní kí wọ́n dárúkọ àwọn tí ogun pa, kí ìjọba lè bá ẹbí wọn kẹ́dùn. Wọ́n dárúkọ àwọn ọkùnrin tí wọ́n ṣá ládàá. Dèbórà dìde, ó dárúkọ Àbẹ̀ní.

Ọ̀gá náà ní, "Ta ló ṣá a?"

"Kò sẹ́ni tó ṣá a, sà. Wọ́n dínà mọ́ ọn ni."

Ọ̀gá náà fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé àìsàn nìyẹn, kì í ṣe ogun. Ó ní kó jókòó. Dèbórà kò jókòó. Ọ̀gá náà gbójú kọjá Dèbórà, ó ní kí ẹni tó kàn máa sọ̀rọ̀.