Ìròyìn Tí Kò Dúró De Ọ̀sán

Bàbá mi ni akọ̀ròyìn fún ìwé ìròyìn kan ní agbègbè wa, láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Emùré níbi tí à ń gbé. Àga onígi kan ní ẹnu ọ̀nà ni ọ́fíìsì rẹ̀. Bí ó bá kọ ìròyìn tán, yóò kà á sí mi létí, nítorí ó gbà pé bí ó bá ti yé èmi tí n kò kà kọjá ìwé mẹ́fà, kò sí ẹni tí kò ní yé. Lẹ́yìn náà ni yóò fi í sínú àpò ìwé, yóò gbé e fún awakọ̀ tó ń lọ sí Àkúrẹ́, ibẹ̀ ni yóò sì ti bá ọkọ̀ mìíràn dé Èkó. Ìwé ìròyìn tó bá gbé e jáde kì í dé ọ̀dọ̀ wa kí oòrùn tó mú.

Ìfàsẹ́yìn yẹn wúlò. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ọmọ bá kú sẹ́yìn odi, kì í ṣe ẹni tó bá wù ló ń sọ fún ìyá rẹ̀. Àwọn àgbà ẹbí ni yóò lọ bá a ní ìdájí, kí ó tó mú ìgbálẹ̀, wọn yóò jókòó tì í, wọn yóò sì rọra sọ ọ́. Nítorí náà, bí orúkọ òkú bá wà nínú ìròyìn bàbá mi, yóò lọ sọ ìgbà tí ìwé ìròyìn yóò dé fún olórí ẹbí, kí wọ́n lè ṣáájú rẹ̀.

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ nígbà náà. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ẹnìkan sì ṣí ìsọ̀ kọ̀ǹpútà sí Ìkẹ́rẹ́. Olóòtú tó wà ní Èkó ránṣẹ́ pé òun kò fẹ́ ìwé ọwọ́ awakọ̀ mọ́. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni kí bàbá mi máa gbà fi ìròyìn ránṣẹ́, bí kò bá sì lè ṣe é, àwọn tó lè ṣe é pọ̀. Bàbá mi wá ń gun ọ̀kadà lọ sí Ìkẹ́rẹ́, ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà a sì bá a tẹ̀ ẹ́. Inú rẹ̀ kò dùn sí i, ṣùgbọ́n ó ń lọ.

Ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ kan forí sọ igi ní ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìkẹ́rẹ́. Ọmọkùnrin ìyá kan ní àdúgbò wa wà nínú rẹ̀, ó ń ti Èkó bọ̀ wá kí ìyá rẹ̀. Ó kú lójú ẹsẹ̀. Bàbá mi débẹ̀, ó gba orúkọ àwọn òkú, ó fi ìròyìn ránṣẹ́ láti Ìkẹ́rẹ́, ó sì lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ olórí ẹbí wọn. Ó sọ fún un pé ọ̀sán ọ̀la ni ìwé ìròyìn yóò dé. Wọ́n fẹnu kò sí ìdájí. Kí ẹlẹ́nu má baà ṣáájú wọn, wọ́n ní kí èmi lọ jókòó ti ìyá náà. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi mú mi. N kì í sọ̀rọ̀.

Mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bẹ iṣu tí yóò gún fún ọmọ rẹ̀. Mo gba ọ̀bẹ kejì. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó ti máa ń ṣe.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọkọ tó bá fẹ́ ọ, ògiri ni yóò máa bá sọ̀rọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo ń wò. Obìnrin kan yọjú tòun ti omijé, mo dìde pàdé rẹ̀, ó rí ojú mi, ó sì padà. Mo rò pé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ń lọ dáadáa.

Ni fóònù bá dún. Ọmọkùnrin yẹn ló rà á fún un, òun ló sì kọ́ ọ pé bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé ni kó máa tẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró.

"Ó ti dé Ìkẹ́rẹ́ nìyẹn," ló wí, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní ìlú òyìnbó ni. Mo ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Ó ní òun rí orúkọ àbúrò òun nínú ìwé ìròyìn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń bèèrè bóyá òótọ́ ni. Ìyá náà gbé fóònù kúrò ní etí. Ó yíjú sí mi.

"Ṣé ohun tí o wá ṣe nìyí?"

Ó gbé fóònù náà lé orí iṣu tí a ti bẹ, ohùn ọmọ rẹ̀ ṣì ń jáde nínú rẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, olórí ẹbí ti dé ilé wa. Kò jókòó.

"O ní ọ̀sán ọ̀la."

"Ọ̀sán ọ̀la ni mo mọ̀, bàbá."

Bàbá mi ṣàlàyé pé òun rò pé orí tábìlì olóòtú ni ohun tí òun fi ránṣẹ́ yóò dúró sí títí wọn yóò fi tẹ ìwé, bíi ti àtijọ́. Òun kò mọ̀ pé wọ́n ti ń kọ́kọ́ gbé e síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Bàbá àgbàlagbà náà bèèrè bóyá kò sí ẹni tó ni nǹkan náà tí èèyàn lè bẹ̀ pé kó dúró di ìdájí.

Ìwé ìròyìn dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì lóòótọ́, orúkọ bàbá mi wà lókè ìròyìn náà. Kò sẹ́ni tó rà á ní àdúgbò wa. Láti ìgbà náà, kò fi orúkọ òkú ránṣẹ́ mọ́, àfi bí wọ́n bá ti sọ fún àwọn tó ni ín. Ó máa ń pẹ́ jù fún olóòtú. Wọ́n wá ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ìkẹ́rẹ́ tó ní fóònù tirẹ̀. Àga onígi náà ṣì wà ní ẹnu ọ̀nà, aṣọ ni à ń sá sí i.

Ìyá náà kì í tẹ bọ́tìnnì mọ́. Bí fóònù bá dún, èmi ni yóò pè.

"Kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná," ni yóò wí.

Mo máa ń gbé e sétí láìsọ nǹkan kan, òun a sì máa wo ojú mi.